Òróró Mi Kọ́ Ló Fọ́ Ife Yẹn

Kí n sá pamọ́? Èmi? Kí n bọ́ sẹ́yìn, kí n lọ dúró láàárín àwọn àpò èérún ike bí adìẹ tó ṣu sílé onílé, nítorí pé oníbàárà ń bọ̀? Tún un sọ. Rárá, tún un sọ, ojú mi ni kí o wò, má wo ilẹ̀. Ìwọ ọmọ ìyá mi, tí mo pọ̀n títí ọ̀já fi sàmì sí mi láyà, ìwọ lo la ẹnu sọ pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí obìnrin yẹn má bàa bá yín nídìí iṣẹ́ yìí"! Háà! Olúwa, ṣé O gbọ́? Ó kúkú yẹ kí O gbọ́, torí láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, Ìwọ nìkan ni mo ti ń rò ó fún.

Má na ọwọ́ sí mi lápò o! Kọ́kọ́rọ́ ààrò wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni yóò sì wà. Mo ní má na ọwọ́! Wo ojú ààrò yẹn, kí ni nọ́ńbà ooru tó wà níbẹ̀? Kà á sókè. Ó ṣì lé ní ọgọ́ta, àbí irọ́ ni mo pa? Ó ṣì lé ní ọgọ́ta, o sì fẹ́ ṣí i, torí pé obìnrin náà pè pé òun ti dé ìsàlẹ̀ títì. Bákan náà lo ṣe nígbà yẹn. Gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀! Ọ̀nà tó gbé ọ dé inú kòtò lo tún forí lé lónìí, o sì ń sáré.

Kí lo wí? Kí n rọra sọ̀rọ̀, Bí-Irun ń gbọ́? Kó gbọ́! Bí-Irun, pa ẹ̀rọ yẹn, kí o lè gbọ́ dáadáa! Ìgbà tí ìwọ ń sọ̀rọ̀ mi níwájú oníbàárà, ṣé o rọra sọ ọ́? Bí-Irun tó ń gbẹ́ ike gbọ́, ẹni tó ń gbálẹ̀ gbọ́, awakọ̀ tó gbé obìnrin náà wá, tó kàn yọjú béèrè ibi tí òun ti lè tọ̀, òun náà gbọ́, ó gbàgbé ìtọ̀, ó dúró ń wò mí.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Mo ti dákẹ́ tó.

Níwájú àwọn òṣìṣẹ́, ọ̀gá ni mò ń pè ọ́. Ṣé mo ti pè ọ́ lórúkọ rí nínú ṣọ́ọ̀bù yìí? Tí o bá wọlé, mo máa ń dìde, èmi tí mo wẹ̀ ọ́ nínú bàsíà, tí o ń ta omi sí mi lójú. Mo ní iṣẹ́ niṣẹ́, ilé nilé. Lónìí, mi ò rí ọ̀gá kankan níbí. Ọmọ ìyá mi ni mo rí, òun ni mò ń bá wí.

Ta ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí? Ìwọ náà ni, mi ò jà ọ́ lólè rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibí, mi ò mọ̀yàtọ̀ ike àti dígí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ọwọ́ mi ò mọ̀ ju abẹ́rẹ́ àti òwú lọ. Ìwọ lo gbé èyí tó mọ́ gaara lé mi lọ́wọ́, tí o ní, "Àǹtí, akirílíìkì lèyí. Ó ń tàn bíi dígí, ṣùgbọ́n bí ènìyàn ló rí. Ẹ̀rọ ti gé e, ó ti lu ihò sí i lára, ara ń ro ó nínú, ẹ ò kàn lè rí i ni. Ẹ gbé e sínú ààrò, kí ooru rọra wọ̀ ọ́ lára, kó sì rọra tutù síbẹ̀, kí ìrora yẹn lè jáde. Bí ẹ bá kánjú yọ ọ́, inú ṣì ń bí i, nǹkan tí ò tó nǹkan ló máa fọ́ ọ." Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ nìyẹn! Mo dì í mú. O ní irin tó bá ti gé irin rí ò gbọdọ̀ kan ike mọ́, mi ò jẹ́ kó kàn án. O ní omi ọṣẹ àti aṣọ rírọ̀ nìkan ni kí n máa fi nù ún, bí ẹni ń nu ojú ọmọ ni mo ṣe ń nù ún. O ní sípírítì ni ọ̀tá rẹ̀, pé kí ìgò sípírítì má ṣe sún mọ́ tábìlì mi láé. Mo ní kí wọ́n bá mi gbé e sórí pẹpẹ òkè lọ́hùn-ún, níbi tó jẹ́ pé, nínú gbogbo wa níbí, ọwọ́ tìrẹ nìkan ló lè tó o, ìwọ tí o ga.

Ọwọ́ tìrẹ nìkan. Fi ibẹ̀ yẹn sọ́kàn, a ó padà síbẹ̀.

Iṣẹ́ kí sì ni? O mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n jẹ́ n sọ ọ́, kó lè dùn ọ́ wọra. Iṣẹ́ ọmọ tuntun ni! Àwọn tó kánjú kúrò níkùn ìyá wọn, tí èémí ṣòro fún. Obìnrin tó ń tún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe yìí gbé ife ike kan wá, ife kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá lórí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kó tó dé imú ọmọ. Èyí tó wà lára ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ ti bàjẹ́, àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ò sì ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ó ní ká bá òun gbẹ́ òmíràn tó máa bá a dọ́gba. Bí-Irun gbẹ́ ẹ. Ṣé lásán ni a sọ ọ́ ní Bí-Irun ni? Ó ní tí ihò náà bá fi bí irun orí kan péré fẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ á máa jò. Ó gbẹ́ ẹ, ó wọ̀n ọ́n, ó jókòó tì í kó tutù, ó tún un wọ̀n, torí ike gbígbóná a máa wú, a sì máa tan èèyàn jẹ. Ìgbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn ló tó gbé e fún mi. Mo fi sánpépà àti omi ha inú àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, mo fi èyí tó le, mo fi èyí tó rọ̀, mo fi èyí tó rọ̀ ju ìyẹn lọ, títí mo fi ń rí ìka ara mi láti òdìkejì. Ìka náà bó. Mi ò ráhùn. Mo ní ọmọ ọlọ́mọ ló máa mí gba ibẹ̀ kọjá.

Mo sì gbàdúrà sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbàdúrà! Mi ò sẹ́ ẹ. Iṣẹ́ wo ló kúrò níbí rí tí mi ò gbàdúrà sí? Ṣùgbọ́n ẹnu ni mo fi ń gbàdúrà. Ọwọ́ mi wà lẹ́yìn, mo dì wọ́n pọ̀ lẹ́yìn bí ọmọ tí tíṣà ní kó dúró, torí ìwọ náà lo ní ìka ò gbọdọ̀ kan ojú ike tí a bá ti nù tán. Olúwa ò sì sọ fún mi rí pé Òun ò gbọ́ torí pé ọwọ́ mi wà lẹ́yìn.

Mo gbé ife sínú ààrò, mo pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé, mo bọ́ sẹ́yìn lọ fọ àwọn aṣọ tí a fi ń nu iṣẹ́. Nígbà tí mo padà wọlé, kí ni mo bá? Ilẹ̀kùn ààrò ṣí sílẹ̀ gbayawu! Ife wà lọ́wọ́ rẹ, ó ń dán bí omi tí oòrùn ń ràn sí, òórùn sípírítì gba gbogbo yàrá, ìwọ ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó, o ní, "Àǹtí, ẹ wò ó bó ṣe ń tàn!" Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ó ti tutù?" O ní ó ti tutù tó. Ó ti tutù tó! Tó kí ni? O ní o rí ipa ìka lára rẹ̀, pé obìnrin náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà, pé o kàn ní kó mọ́ díẹ̀ sí i ni. Ṣé kí n bá ọ̀gá jiyàn lójú oníbàárà ni?

Bí-Irun, ṣé imú tìẹ náà gbọ́ òórùn yẹn lọ́jọ́ náà? Hẹ̀n. Ẹ wò ó, bàtà ló ń wò. Jẹ́ kó máa wo bàtà rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún, kò fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, mi ò bá a wí. Ìwọ ni mò ń bá wí.

Kò pẹ́ tí obìnrin náà fi padà wá. Ó gbé ife kalẹ̀ sórí tábìlì. Gbogbo etí ihò rẹ̀ ti sán, wínníwínní, bí ilé aláǹtakùn tí ìrì sẹ̀ sí. Ọpẹ́ ni fún Olúwa pé orí tábìlì ara rẹ̀ ló ti dán an wò, kò tíì gbé e dé ọ̀dọ̀ ọmọ kankan. Lórí ìyẹn nìkan, mo ṣì ń dúpẹ́ títí di àárọ̀ yìí. Kò pariwo. Ó kàn béèrè pé, "Kí ló kàn án?"

Kí lo fún un lésì? Sọ ọ́! Ó wúwo lẹ́nu rẹ lónìí, àbí? Lọ́jọ́ náà kò wúwo. O wò mí, o wo báàgì mi tí orí ìgò òróró àdúrà yọ níbẹ̀, mi ò ní gbàgbé ìwò yẹn títí n ó fi kú, o wá rẹ́rìn-ín músẹ́, o ní, "Ẹ má bínú, mádàámù. Ẹ̀gbọ́n mi yìí, àdúrà ti pọ̀ jù fún wọn. Wọ́n máa ń ta òróró sí iṣẹ́. Òróró yẹn ló fọ́ ọ."

Òróró! Yéè! Èmi ni mo ta òróró!

Obìnrin náà ò bú mi. Ì bá kúkú bú mi! Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ìyá, mo mọ̀ pé ire lẹ rò. Ẹ dákun, ẹ máa bá wa gbàdúrà fún àwọn ọmọ náà nílé, ẹ má wulẹ̀ ta nǹkan sí ẹ̀rọ wọn mọ́." Ó ń bẹ̀ mí! Bí wọ́n ṣe ń bẹ arúgbó tó bu iyọ̀ sínú tíì ló ń bẹ̀ mí. Mo ní, "Mo ti gbọ́, mà." Kí ni ǹ bá tún sọ? Kí n pe ọ̀gá ní òpùrọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀? Kí n bọ́ aṣọ lára ọmọ ìyá mi lójú àlejò? Mo gbé e mì.

Ì bá ṣe pé o dúró síbẹ̀! O tún gbé fóònù, o pe màmá wa. Màmá tí a kì í fẹ́ kí nǹkan já láyà! O ní kí wọ́n bá mi sọ̀rọ̀. Màmá pè mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé kí a mú ọ lọ rí dókítà ni?" Dókítà! Nítorí àdúrà tí àwọn fúnra wọn kọ́ mi! Ọmọbìnrin mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nínú ilé tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń gbé, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti kúnlẹ̀ nínú yàrá, mo máa ń rí ojú rẹ̀ ní àlàfo ilẹ̀kùn. Ó ń ṣọ́ mi. Ọmọ tí mo bí ń ṣọ́ mi bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò tó fẹ́ hó dànù! Ṣé o mọ̀ pé mo ti ń gbàdúrà ní balùwẹ̀ báyìí, tí mo ń jẹ́ kí omi máa dà, kó lè rò pé ìwẹ̀ ni mò ń wẹ̀? Ṣé ohun tí o fẹ́ nìyẹn?

Mi ò ní ṣépè o. Má wulẹ̀ sún sẹ́yìn, mi ò ní ṣépè. Ẹnu tí mo fi ń bá Olúwa sọ̀rọ̀, mi ò ní fi gé ọmọ ìyá mi lẹ́yìn.

O gba tábìlì lọ́wọ́ mi, o fi ìgbálẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Mo gbálẹ̀. Nígbà tí ẹ gbẹ́ ife mìíràn, tí kò sí ẹni tó lè ha inú ihò rẹ̀ kó mọ́, ta lo wá bá? Ìwọ tí o ní mo ya wèrè òróró, ta lo wá ń bẹ̀? "Àǹtí, ẹ bá mi ṣe é, ẹ má jẹ́ kó hàn." Mo ṣe é. Kì í ṣe tìrẹ ni mo rò, ọmọ tó ń wá èémí ni mo rò. Ọwọ́ mi wá dáa tó láti ṣe é, ojú mi ni ò dáa tó kí wọ́n rí i nídìí rẹ̀? Ṣé ojú mi ń rùn ni?

Àṣìṣe ni? O ní àṣìṣe ni? Dúró ná. Pé o yọ ọ́ jáde ní gbígbóná, tí o fi sípírítì nù ún, mo gbà, àṣìṣe nìyẹn. Ojú kán ọ nítorí oníbàárà, ta ni ojú kì í kán? Ká ní o sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà ni, a ó gbẹ́ òmíràn, a ó rẹ́rìn-ín, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹnu tí o là, tí o dárúkọ mi, ṣé àṣìṣe nìyẹn náà? Ṣé ẹsẹ̀ lo fi kọ, tí orúkọ mi fi ta sí ọ lẹ́nu?

Kí lo tún wí? Pé o rò lóòótọ́ pé òróró ni? O gbà á gbọ́? Wàá búra? Má búra! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má búra, gbé ọwọ́ yẹn sílẹ̀. Jẹ́ n fi nǹkan hàn ọ́ kó o tó fi ara rẹ bú.

Ìgò náà rèé. Òun gan-an lo rí nínú báàgì mi lọ́jọ́ náà. Gbà á, kò ní bù ọ́ jẹ. Wo ọrùn rẹ̀. Kí lo rí níbẹ̀? Ọ̀rá tí wọ́n fi dì í láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ṣé ó ti já? Fi èékánná wá ibi tó ti já fún mi. Kò sí! Ìjọ ni wọ́n ti fún mi, láti ìgbà tí wọ́n ti fún mi, mi ò tíì ṣí i. Ìgò rẹ̀ sì kún dé ọrùn. Òróró wo ni mo wá ta, ọmọ ìyá mi? Ṣé èyí tó ń gba ara ìgò jáde bí òógùn ni?

Ẹ̀hẹ́n. Máa yí i wò.

O ń béèrè pé kí ló dé tí mi ò fi hàn ọ́ láti ọjọ́ yìí? Torí mo ń dúró dè ọ́ ni! Láràárọ̀ tí mo bá ti fi ẹsẹ̀ kan wọlé yìí, mo máa ń wo ojú rẹ, mo ń sọ lọ́kàn mi pé, òní ni, òní ló máa pè mí sí kọ̀rọ̀. O ò pè mí. Lónìí tí o wá pè mí sí kọ̀rọ̀, tí inú mi ti dùn, kí lo sọ? O ní kí n sá pamọ́!

Ìyẹn ni fèrè ọkọ̀ rẹ̀. Òun ni. Ṣé àyà rẹ ń já? Jẹ́ kó já díẹ̀, kì í pa èèyàn, tèmi ti ń já bọ̀. Mo ní kọ́kọ́rọ́ ò kúrò lápò mi! Kì í ṣe pé mò ń fi dẹ́rù bà ọ́. Wo nọ́ńbà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ọgọ́ta ni. Kò sí ohun tí obìnrin yẹn lè rí lọ́wọ́ wa báyìí, àfi ojú wa. Yóò jókòó, yóò dúró kó tutù, bí ìwọ náà ṣe kọ́ mi pé ó yẹ. Bí ẹ bá wá jókòó tí ojú ń wo ojú, kí lẹ máa sọ? Ọ̀rọ̀ òjò?

Kí lo wí? Mi ò gbọ́, gbé ohùn sókè. "Àǹtí, ẹ bá mi gbàdúrà"?

Ha! Ha-ha-ha! Yéè, ẹ̀gbẹ́ mi! Bí-Irun, ṣé o gbọ́? Ọ̀gá ní kí n gbàdúrà! Ẹni tó ní àdúrà mi ló fọ́ ife, òun ló ní kí n gbàdúrà! Ha! Àbí kí n lọ ṣí omi bíi ti balùwẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbọ́? Olúwa, dárí jì mí, ẹ̀rín ló ń pa mí, mi ò tíì rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ yìí.

Ó dáa. Mo ti gbà á. Ọkàn mi ti sọ ọ́ ná, ọwọ́ mi sì wà lẹ́yìn, wò wọ́n. Ó ku ìwọ. Má dá ìgò yẹn padà sínú báàgì mi, orí tábìlì ni kó o gbé e sí, pẹ̀lú ọ̀rá ọrùn rẹ̀, níbi tí ojú obìnrin yẹn ti máa kọ́kọ́ bà á. Lẹ́yìn rẹ̀, kó o gbé ìgò sípírítì kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, ìwọ tọ́wọ́ rẹ tó o. Tó o bá bá a sọ̀rọ̀ tán, wàá pe màmá. Lójú mi. Wàá sì ní kí wọ́n fún ọmọ mi ní fóònù, kí òun náà gbọ́ ọ létí ara rẹ̀.

Nu ojú rẹ. Aṣọ rírọ̀ rèé. Bí-Irun, bá wa gbé àga fún mádàámù.

Ẹ káàbọ̀, mà! Ẹ wọlé, ẹ wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà ni, mo ṣì wà nídìí iṣẹ́ yín. Ife yín ò tíì tutù, ẹ ó fi sùúrù jókòó díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fẹ́ bá yín sọ.